Àjà asibẹ́sítọ̀ọ̀sì ń lọ, POP ń wọlé: Ohun tó yẹ kí ará Ìgàndó mọ̀ kó tó tún pálọ̀ rẹ̀ ṣe

Nígbà kan, béèyàn bá wọ pálọ̀ bàbá onílé ní Ìgàndó, ohun tó máa kọ́kọ́ rí ni kọ́bọ́ọ̀dù gbọọrọ tó gba odidi ògiri kan. Tẹlifíṣàn wà láàárín rẹ̀, àwo tánganran tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi jẹun sì tò sókè. Fọ́tò bàbá àgbà àti kàlẹ́ńdà òkú ṣíṣe ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wà lókè ògiri pátápátá, níbi tí ọrùn ti máa ń dunni ká tó rí wọn. Rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀. Lókè, àjà tí a ń pè ní síìlìn jẹ́ pátákó funfun onígun mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ dè mọ́ra. Asibẹ́sítọ̀ọ̀sì nìyẹn.

Gbogbo ìwọ̀nyí ló ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́bàá títì LASU sí Ìṣẹrí tó gba Ìgàndó kọjá, táìsì, POP àti PVC ni wọ́n ń tà fún ẹni tó ń kọ́lé. Tẹlifíṣàn tó ti di pẹlẹbẹ tó sì gun orí ògiri ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù gbọọrọ ọjọ́un. Nínú ilé mìíràn, ẹ̀yìnkùlé ló wà báyìí, bàtà ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ilé onífojú-kojú tí yàrá kan jẹ́ pálọ̀ tó tún jẹ́ ibùsùn náà ń dínkù, fúláàtì ló ń rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn èèyàn ráyè máa ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá pààrọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tàbí kápẹ́ẹ̀tì, owó yín nìkan ló kàn. Ọ̀rọ̀ àjà kò rí bẹ́ẹ̀. Asibẹ́sítọ̀ọ̀sì jẹ́ òkúta onífọ́nrán tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Kò gbówó lórí, iná kì í jó o, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nínú ilé àtijọ́ wa. Ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ojú kò lè rí i, ó máa ń bá èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń dúró síbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá lọ́dún 1999, South Africa tẹ̀ lé e lọ́dún 2008. Àìsàn náà lè gba ogún sí ogójì ọdún kó tó yọjú, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa rántí òòlù tó fọ àjà lọ́jọ́ kan.

Bí àjà náà bá wà lódidi, tí kò sán, tí wọ́n sì kùn ún lọ́dà dáadáa, ewu rẹ̀ kéré. Fífọ́ ọ ló burú. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ kápẹ́ńtà ń ṣe nìyẹn: wọ́n á fi òòlù gbá a wálẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, àwọn ọmọ ilé á sì máa bá wọn kó o jáde. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ọmọdé kúrò nílé. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n fà ìṣó rẹ̀ yọ kó lè sọ̀kalẹ̀ lódidi, kí wọ́n sì lo ìbòmú gidi tí kì í jẹ́ kí eruku kọjá. Aṣọ tí wọ́n ta mọ́ imú kò tó. Kí wọ́n fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, kí wọ́n di èyí tí wọ́n yọ sínú ọ̀rá tó nípọn ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún LAWMA. Ìgàndó tó ti fara da ààtàn Solous fún ọ̀pọ̀ ọdún kò tún nílò eruku yìí nínú gọ́tà.

POP tó ń rọ́pò rẹ̀ rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo, kò sì fẹ́ omi. Bí páànù bá ń jò, yóò kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà yóò já lulẹ̀. Ẹ tún òrùlé ṣe ná. PVC fúyẹ́, omi kì í bà á jẹ́, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ní májèlé bí iná bá ràn án.

Fèrèsé onílúfà tún ń lọ. Mi ò bá olè tó ń yọ gíláàsì rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan jà, eruku rẹ̀ náà sì pọ̀. Síbẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ ló ń gba atẹ́gùn wọlé. Èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì péré ló ń ṣí. Ìyókù di ọwọ́ ẹ̀rọ amúlétutù, bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti Náírà 68 sí Náírà 225 fún yúnìtì kan, epo jẹnẹrétọ̀ náà sì ti gbówó lórí látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ lóṣù karùn-ún, ọdún 2023. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, ẹ ní kí wọ́n ṣe èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí i, kí wọ́n sì ṣe méjì tó kọjú síra nínú yàrá kan, kí atẹ́gùn tó bá ọ̀kan wọlé lè bá èkejì jáde.