Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni: Ìdí tí ó fi yẹ kí ará Èbúté Mẹ́ta wọ rélùwéè lọ sí Abẹ́òkúta

Òkìkí ilẹ̀ Faransé kàn káàkiri àgbáyé nítorí ọtí èso àjàrà, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìgò nìkan ni owó tí ń wọ àwọn abúlé tí ń pọn ọtí náà ti ń wá. Ní agbègbè Alsace, lápá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, wọ́n ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ láàárín oko àjàrà ní ọdún 1953, kí àlejò lè máa gba ibẹ̀ láti abúlé kan dé òmíràn. Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 170. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn lára rẹ̀, àwọn mìíràn ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ń wo òkè àti ilé àtijọ́, wọ́n sì ń tọ́ ọtí wò lọ́wọ́ ẹni tí ó pọn ọ́n gan-an. Nígbà tí ó di ọdún 1999, àjọ UNESCO fi oko àjàrà àti ìlú Saint-Émilion sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ọdún yẹn kan náà ni Sukur, ní ìpínlẹ̀ Adámáwá, wọ inú ìwé náà, òun sì ni àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà.

Yorùbá kò ní oko àjàrà, ṣùgbọ́n a ní ọ̀pẹ, ọ̀pẹ sì ní ẹmu. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹmu ló yẹ kó mú àlejò wá sí oko ju ọtí àjàrà lọ. Ènìyàn lè jókòó sí Èkó kó mu ọtí àjàrà tí wọ́n ti pọn láti ogún ọdún sẹ́yìn, kó sì dùn jù bí ó ti dùn nígbà tí wọ́n pọn ọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹmu.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Omi dídùn ni ẹmu nígbà tí ó bá ń kán láti ara ọ̀pẹ, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Àmọ́ ìwúkàrà tí ojú kò lè rí ti wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára igi, ó sì wà nínú agbè tí wọ́n fi gbé ẹmu àná. Kíkán tí ẹmu bá kán sínú agbè báyìí, ìwúkàrà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà náà, yóò sì máa sọ ọ́ di ọtí. Atẹ́gùn tí ń jáde níbẹ̀ ló ń mú kí ẹmu máa hó, kí ìfófó sì kún ẹnu agbè. Láàárín wákàtí méjì péré, ọtí inú rẹ̀ ti lè tó ti bíà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn yóò ti gba iṣẹ́ náà ṣe, ẹmu yóò sì kan. Nítorí náà, ẹmu àárọ̀ kì í ṣe ẹmu ọ̀sán, ẹmu tí ó dé Èbúté Mẹ́ta nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà kì í sì í ṣe èyí tí adẹ́mu gbé sọ̀kalẹ̀. Ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn ẹlẹ́mu tí wọ́n ń bu omi àti sakarín là á.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, FIIRO, àti NIFOR tí ó wà lẹ́bàá ìlú Benin, ti wá ọ̀nà láti rọ ẹmu sínú ìgò. Iná ni wọ́n fi ń pa ìwúkàrà inú rẹ̀, kó má baà máa hó mọ́. Iṣẹ́ tó dára ni, ẹmu inú ìgò sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ahá mu ẹmu àfẹ̀mọ́jú rí kò ní pe méjèèjì ní nǹkan kan náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹmu ti rí gan-an ni yóò lọ bá a nílé. Ó sì ti rọrùn fún ará Èbúté Mẹ́ta báyìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson, tí wọ́n fi orúkọ gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó sọ, wà ní Èbúté Mẹ́ta níbẹ̀, nítòsí Alágòmejì. Bí àyè bá wà kí ọkọ̀ tó ṣí, ilé Jaekel, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898 tí ó ti di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti rélùwéè, kò jìnnà síbẹ̀. Irin àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896 gba Abẹ́òkúta náà kọjá. Ti ìsinsìnyí ń gba Agége, Àgbádó, Kájọlà àti Papalanto, kó tó dé Láderin ní ẹ̀yìn ìlú Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ibùdókọ̀. Kí èèrò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Àgbádó, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ọ̀pẹ á sì máa pọ̀ sí i.

Àpáta Olúmọ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń kọ́kọ́ wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ kó dé ibẹ̀ ní ọdún 1830, sá sí nígbà ogun, ìlú yìí náà sì ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì gbógun tì ní ọdún 1851 àti 1864 tí wọn kò rí i kó. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ nígbà àtúnṣe ọdún 2006, ṣùgbọ́n ẹni tí eékún rẹ̀ bá le kó gba àárín àpáta gùn ún. Láti orí rẹ̀ ni a ti ń rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ, àti odò Ògùn. Ọjà àdìrẹ wà ní Ìtòkú nísàlẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọdún 1859, èyí tí gbogbo ìwé ìròyìn Yorùbá ti òní jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí àlejò wá ẹni tó mọ̀nà, kó mú un lọ sí abúlé. Kó kí baálẹ̀, kó tó wọ oko ẹni ẹlẹ́ni. Adẹ́mu kì í pẹ́ jí. Okùn tí ó fi ń gun ọ̀pẹ, tí à ń pè ní igbà, ni yóò fi so ara rẹ̀ mọ́ igi, yóò fẹ̀yìn tì í, yóò sì máa sún un sókè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ ara ọ̀pẹ. Lókè, níbi tí ìtànná akọ ọ̀pẹ ti ń yọ, ni ó ti ń dá ọgbẹ́ sí i, tí ó ń fi ọ̀pá ihò bọ̀ ọ́, tí ó sì ń so agbè rọ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń padà síbẹ̀ láti gbé ẹmu àti láti tún ojú ọgbẹ́ náà ṣe, torí bí ó bá gbẹ, ẹmu kò ní kán mọ́. Ọ̀pẹ tí wọ́n dá báyìí kì í kú. Igi ògùrọ̀, tí ó fẹ́ràn àbàtà àti etí odò, ni tirẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná láyé rẹ̀, tí ó bá sì ti tanná, ikú ló kù. Kí àlejò má ṣe dúró sábẹ́ ọ̀pẹ tí adẹ́mu bá wà lórí rẹ̀. Ẹyẹ ẹ̀gà nìkan ni kó máa ta kókó lókè níbẹ̀, wọn kì í fi ọ̀pẹ sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó léwu ni. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Amos Tutuola, tí wọ́n bí ní ọdún 1920, ìwé tí ó sì sọ ọ́ di olókìkí, The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní London ní ọdún 1952, orí adẹ́mu tí ó já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú ni gbogbo ìtàn inú rẹ̀ dúró lé. Ọ̀mùtí náà ní oko ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ fún un, ọ̀pẹ kò sì tán nínú oko náà. Ẹni tí yóò gùn ún ni kò sí mọ́, ni ó bá wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Raymond Queneau túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Faransé ní ọdún 1953, ọdún tí wọ́n ṣí ọ̀nà ọtí Alsace gan-an. Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà sọ ọ́ di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá ní ọdún 1963.

Ohun tí Tutuola fi ṣe àlọ́ ló ń dojú kọ àwọn abúlé wa báyìí. Ọ̀dọ́ tí ó lè gun ọ̀kadà ní ìlú kì í fẹ́ gun ọ̀pẹ ní oko, owó tí ẹlẹ́mu Èkó ń fún adẹ́mu lórí kẹ́ẹ̀gì kan kò sì tó èyí tí yóò yí i lọ́kàn padà. Ilẹ̀ náà ń lọ. Ibi tí rélùwéè bá ti dé ni àwọn tí ń gé ilẹ̀ tà ń tẹ̀lé e dé, ọ̀pẹ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ wó. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá sanwó láti wo bí wọ́n ti ń dá ẹmu, tí ó mu ún nídìí igi, tí ó sì jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ ìyàwó adẹ́mu, ti fi owó sí ọwọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ gan-an, láìsí alárinà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kò nílò ilé gogoro kankan láti bẹ̀rẹ̀ èyí. Àwọn atọ́nà tí a kọ́ dáadáa, àdéhùn pẹ̀lú abúlé mélòó kan, àti ọkọ̀ tí yóò máa gbé èèrò láti Láderin ti tó.

Kí ẹni tí ó bá ń lọ kọ́kọ́ béèrè àkókò tí ọkọ̀ ìpadàbọ̀ yóò ṣí, torí kì í pọ̀ lóòjọ́. Kó gun Olúmọ kó tó mu ẹmu, kó má ṣe yí i padà. Bí wọ́n bá sì gbé ògógóró tí kò mọ orísun rẹ̀ fún un, kó dúpẹ́, kó sì kọ̀ ọ́: ní ọdún 2015, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣòfò ní agbègbè Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Ẹmu tí a gbé sọ̀kalẹ̀ lójú ẹni kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀, bí agbè bá ṣáà ti mọ́.