Àfikún Ìran àti Ẹranko Tí Ń Parun: Ohun Tí Ẹ̀rọ Lè Fi Hàn àti Ohun Tí Ó Lè Bò Mọ́lẹ̀

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń kàwé ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó lónìí ni ó mọ orúkọ erin, ẹkùn, akíka àti odídẹrẹ́, tí ó tilẹ̀ lè fi wọ́n pa òwe, ṣùgbọ́n tí kò fojú kan ọ̀kankan nínú wọn rí àfi nínú àwòrán. Orúkọ ṣẹ́ kù sí wa lẹ́nu, ẹlẹ́mìí ń kúrò nínú igbó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá sọ pé àwọn ti rí ọ̀nà tí a fi lè mú erin wọ inú kíláàsì, kí ọmọ rí i ní ìdúró rẹ̀ àti ní ìwọ̀n rẹ̀, ó yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ ohun tí wọ́n mú wá wò, kí a má kù gìrì yìn ín, kí a má sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ọgbọ́n náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní augmented reality. Níwọ̀n bí kò ti ì sí orúkọ kan tí gbogbo wa fi ń pè é, àfikún ìran ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí pé kì í mú ohun tí ojú ń rí kúrò. Ńṣe ni ó ń fi òmíràn kún un. Ilẹ̀ kíláàsì ṣì ni ilẹ̀ kíláàsì, àga ṣì ni àga, ṣùgbọ́n lójú fóònù tí a gbé sókè, akíka kan ń rìn kọjá lábẹ́ àga náà.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Kámẹ́rà fóònù ń ya àwòrán 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ètò inú ẹ̀rọ náà ń ṣa àwọn àmì tí ó dá yàtọ̀: igun tábìlì, ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán, àbàwọ́n táda. Ó ń wo bí àwọn àmì wọ̀nyí ti ń yí ipò padà láti inú àwòrán kan sí èkejì, ó ń fi èyí wé ohun tí àwọn irinṣẹ́ kéékèèké mìíràn inú fóònù ń sọ nípa bí ọwọ́ wa ti ń ṣí kiri, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń ṣírò ibi tí ilẹ̀ wà àti bí ó ti jìnnà sí wa tó. Ìgbà tí ó bá mọ èyí ni ó tó ya ẹranko lé ilẹ̀, tí ó sì ń tún un yà bí a ti ń rìn, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè yí i ká kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń dán jù, tàbí tí iyàrá bá ṣókùnkùn, kò ní rí àmì ṣà, erin yóò sì máa yọ̀ káàkiri bí ẹni tí ó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1968 ni Ivan Sutherland ti ṣe ẹ̀rọ àgbéborí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ní láti so kọ́ àjà. Ṣùgbọ́n eré Pokémon GO ti 2016 ni ó gbé e dé ọwọ́ ará ìlú, nígbà tí ó sì di 2019, Google ṣe é tí ẹni tí ó bá wá orúkọ kìnnìún lórí fóònù fi lè gbé kìnnìún ka ilẹ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà ti àwọn ọmọ mọ́lé ní 2020, ọ̀pọ̀ òbí ni ó fi èyí dá wọn lára yá.

Níhìn-ín gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ohun tí ó jẹ mí lógún. Àwọn àgbà ní, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin." Ọmọ tí ó rí erin lójú fóònù, ṣé ó rí erin? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwàdà. Ní 2008, Stephen Ross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí ó wá wo ọgbà ẹranko ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn mọ̀ pé gòrílà wà nínú ewu. Àwọn tí ó mọ̀ pé ìnàkí náà wà nínú ewu kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí àwọn tí kò mọ̀ sì sábà ń sọ ni pé àwọn ń rí ìnàkí nígbà gbogbo nínú tẹlifíṣọ̀n, sinimá àti ìpolówó ọjà. Ní 2018 ẹ̀wẹ̀, Franck Courchamp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn olùyọ̀ǹda ní ilẹ̀ Faransé ka iye ìgbà tí wọ́n bá àwòrán àwọn ẹranko olókìkí pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé kìnnìún inú àwòrán tí ẹnì kan ń rí lọ́dún kan pọ̀ ju gbogbo kìnnìún ààyè tí ó wà nínú igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ. Ìwádìí tí ó jáde ní 2014 fi àwọn kìnnìún wọ̀nyí sí nǹkan bí 400, ní ibi mẹ́rin péré. Méjì nínú ibi mẹ́rin náà, Kainji àti Yankari, wà ní Nàìjíríà.

Èyí já sí pé àwòrán lè di ìbòjú. Bí erin bá ń wọlé wá nígbàkigbà tí a bá fi ìka tẹ gíláàsì, kí ni yóò mú ọmọ gbà pé erin ti di ọ̀wọ́n? Ẹ̀rọ tí a ní kí ó kọ́ni pé ẹranko ń tán lọ lè máa kọ́ni pé ó pọ̀ rẹpẹtẹ.

A kò tìtorí èyí sọ pé kí a sọ ọ́ nù. Ní 2021, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti ìmọ̀ ẹ̀dá ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí fi awò àfikún ìran han àwọn àlejò rẹ̀ ní àwọn ẹranko tí ó ti parun pátápátá. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹran òkun ńlá tí Georg Steller rí ní 1741, tí àwọn ọdẹ sì ti pa tán ní 1768, ọdún 27 péré. Ẹni tí ó ń wò ó mọ̀ pé òkú ni òun ń wò. Ẹgbẹ́ WWF gba ọ̀nà mìíràn ní 2018: odidi odò kan ni ètò wọn ń tẹ́ sórí tábìlì, ọmọ á mọ ìdídò sí i, á sì rí ohun tí ó dé bá ẹja, ẹranko àti ènìyàn tí ó wà nísàlẹ̀ odò. Èyí dùn mọ́ mi jù, nítorí pé ó kúrò lórí ẹwà ara ẹranko, ó bọ́ sórí ohun tí ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí a fi akíka tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Èèrà àti ikán ni ẹran onípẹ́ yìí ń jẹ, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bí ewu bá dé, a ká ara rẹ̀ rogodo, ẹkùn á sì jẹ ẹ́ tì. Ènìyàn kàn máa bẹ̀rẹ̀ ni, a he é bí ẹni he àgbọn. Ọgbọ́n tí ó fi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn ni ó fi ń bọ́ sọ́wọ́ wa. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES fi òfin de kíkó oríṣi akíka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣòwò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Odídẹrẹ́ náà bọ́ sábẹ́ irú òfin kan náà ní ìpàdé yẹn. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin 2019, àwọn aláṣẹ Singapore gbẹ́sẹ̀ lé tọ́ọ̀nù 12.9 ìpẹ́ akíka nínú ẹrù kan tí ó ti Nàìjíríà wá, tí ó ń lọ sí Vietnam. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí akíka 17,000 ni ó kú kí ìpẹ́ náà tó pé bẹ́ẹ̀.

Iye bí 17,000 kì í wọ ọmọdé lára nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kó wọn jáde sí pápá, kí wọ́n kọ́kọ́ rí akíka kan tí ó ń tú ọ̀gán. Kí ó di mẹ́wàá, kí ó di ọgọ́rùn-ún, títí tí kò fi ní sí ibi tí wọn yóò fẹsẹ̀ lé. (Fóònù kò lè ya 17,000, ọgọ́rùn-ún tó, kí olùkọ́ sọ pé ìlọ́po 170 rẹ̀ ni.) Lẹ́yìn náà kí pápá ṣófo, kí ó ku àpò ìpẹ́ nìkan. Òfìfo yẹn ni ẹ̀kọ́ náà.

Ti owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kò lè ṣe irú iṣẹ́ tí a júwe sókè. Ọgbọ́n kan wà tí ó ti pẹ́ díẹ̀, tí ètò tí Hirokazu Kato ṣe ní 1999 sọ di mímọ̀: a ó tẹ àmì dúdú àti funfun kan sórí bébà, kámẹ́rà yóò dá a mọ̀, ẹranko yóò sì yọ lórí rẹ̀. Fóònù olùkọ́ kan àti bébà kan tó fún odidi kíláàsì. Ohun kan ni kí a ṣọ́ra fún: a lè dárúkọ igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé láti 1977, kí a sì sọ pé erin ń gbé ibẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ibi tí erin ti ń mu omi hàn, nítorí ẹni tí ń jí ẹran pa náà ní fóònù.

Ó ku ohùn. Kí kámẹ́rà tó dé ni àwọn ọlọ́dẹ wa ti ń ṣe àfikún ìran tiwọn. Ìjálá ń gbé erin àti ẹfọ̀n dúró níwájú ẹni tí kò dé igbó rí, pẹ̀lú ìrìn wọn àti ìbínú wọn, bí ìwé tí Babalọlá tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1966 ti fi hàn. Òtítọ́ ni pé ọdẹ ni ó ń pa ẹranko. Òun náà ni ó sì mọ̀ ọ́n jù. Bí a ó bá fi ọ̀rọ̀ sí erin ojú fóònù lẹ́nu, kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọdẹ tí ó bá erin pàdé lójúkojú rí ń darúgbó lọ. Ohùn wọn ni ó yẹ kí a gbà sílẹ̀ kí a tó ra fóònù kankan.