Ibi tí ẹ̀ta iná ti ń wá

Géètì àkọ́kọ́ tí mo fi wáyà flux core jó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣáńgíṣà, ọjọ́ méjì gbáko ni ọmọ iṣẹ́ mi fi jókòó tì í pẹ̀lú ṣísẹ́lì àti òòlù. Ara irin náà rí bí ara ẹni tí kúrúnà bò. Èérún irin yíyọ́ ti ta sí i láti òkè délẹ̀, ó sì gan mọ́ ọn pinpin. Oníbàárà ti sanwó tán, ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Inú bí mi sí wáyà yẹn débi pé mo fẹ́ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún mi.

Wáyà kọ́ ló jẹ̀bi. Èmi ni mo gbé iná fún un sódì.

Elekitiródù tí gbogbo wa fi kọ́ṣẹ́, ara rẹ̀ lóde ni wọ́n ti fi oògùn bò ó. Wáyà flux core ní tirẹ̀ ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, inú ihò náà ni wọ́n rọ oògùn rẹ̀ sí. Bí iná bá mú un, oògùn yìí a di èéfín tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan irin yíyọ́, ìyókù a léfòó sójú irin, a di ìdàrọ́. Ìdí nìyẹn tí irú èyí tí mò ń lò kò fi nílò sílíńdà gáàsì. Kì í ṣe nǹkan àná: Lincoln Electric ti Amẹ́ríkà ti ń ta wáyà Innershield tiwọn, tí kò lo gáàsì, láti 1958. Èmi tí mò ń gun àkàbà jó irin sórí fẹ́ǹsì ní Màgódó mọyì rẹ̀, torí atẹ́gùn tó ń gbá gáàsì lọ kò rí i gbé ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ mi lè lo gáàsì, ó sì lè ṣe é láìsí gáàsì. Bó ṣe jáde látinú páálí, tọ́ọ̀ṣì tí a ń dì mú wà lójú +, ẹ́ẹ̀tì wà lójú −. Wáyà lásán tó ń lo gáàsì ló ni ìyẹn. Wáyà tí kò lo gáàsì, irú E71T-11 tàbí E71T-GS, òdìkejì ló fẹ́: tọ́ọ̀ṣì sí −, ẹ́ẹ̀tì sí +. Bó bá ti wà lódì, irin tó ń yọ́ a gbára jọ ní kókó ńlá lẹ́nu wáyà, iná a sì tì í dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀tì méjì péré ni mo tú kí ẹ̀ta náà tó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n E71T-1, tó ń lo gáàsì pẹ̀lú oògùn inú rẹ̀, ojú + ni tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ń wà. Ẹ ka ara páálí.

Ọwọ́ ló kàn. Mo máa ń fi àtàǹpàkò wọn wáyà tó yọ lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì: kó má ju ìbú àtàǹpàkò lọ, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 20, kó má sì dín sí 12. Ọmọ iṣẹ́ mi a máa ti ẹnu tọ́ọ̀ṣì mọ́ irin torí ó fẹ́ ríran dáadáa, ibẹ̀ náà ni ẹnu rẹ̀ ti ń dí. Mo ní kó rọra fà á sẹ́yìn, kó má tì í síwájú, kí ìdàrọ́ lè máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti ju ẹja tí omi ṣì wà lára rẹ̀ sínú òróró gbígbóná mọ ohun tí ìpẹtà, ọ̀dà àti wáyà tó ti gba ọ̀rinrin ń ṣe. Páìpù tí a ń rà ní Owódé Onírin ti pẹ́ nínú òjò, nítorí náà ẹ̀rọ fáìlì ni mo kọ́kọ́ ń fi bó ojú ibi tí mo fẹ́ jó, àti ibi tí ẹ́ẹ̀tì máa gé jẹ. Gafanáìsì ló burú jù. Síǹkì ara rẹ̀ ń hó ní 907°C, irin kò sì ní yọ́ títí yóò fi tó nǹkan bíi 1,500°C. Síǹkì ti di èéfín kí irin tó yọ́, á sì bẹ́ gba inú irin yíyọ́ jáde. Èéfín yẹn máa ń dá ibà sí wẹ́dà lára. Ẹ bó síǹkì náà kúrò, ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn á ti máa gbé èéfín lọ. Mílíìkì tí a máa ń mu kì í gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Iná mànàmáná náà ń dá kún un. Bí iná bá lọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tàbí tí a fa wáyà tín-ín-rín gígùn látinú jẹnẹrétọ̀ kékeré, wáyà ẹ̀rọ á ṣì máa sáré bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò ní rí iná tó yọ́ ọ. Á gún irin, á bú pàù, á ta. Mo máa ń dín ìsáré wáyà kù nígbà yẹn, tàbí kí n dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún wa, ẹ yẹ ara géètì wò kí wọ́n tó kùn ún. Èérún tí wọ́n bá kun ọ̀dà lé á re lọ́jọ́ kan, ojú ibẹ̀ ni ìpẹtà á gbà wọlé. Bó bá sì jẹ́ inú ilé ni a ti fẹ́ jó o, ẹ bá wa fi pákó tàbí páànù bo fèrèsé, táìlì àti mọ́tò. Gíláàsì tí ẹ̀ta bá ti jẹ, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Pípààrọ̀ ló kù.