Agbo Ilé Tó Di Ẹgbẹ́ Òṣèré: Hubert Ògúndé àti Àwọn Aya Rẹ̀

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Ògúndé ní Ọ̀sọsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di ọlọ́pàá. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló gbé e dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tó ti wọ ìjọ Aládùúrà. Ìjọ náà ló ní kó ṣe eré orin tí wọn yóò fi kówó jọ fún ilé ìjọsìn. Gbọ̀ngàn Glover ni wọ́n ti ṣe é ní oṣù Òkúdu, 1944. Ní 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́.

Ìṣòro kan dojú kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Alárìnjó ni àwọn òbí ń pe òṣèré, alágbe ni wọ́n sì kà á sí. Ta ni yóò fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún un? Nígbà tí ìkéde rẹ̀ fún òṣèrébìnrin kò so èso, ó kéde pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá. Àwọn tó wá ló sọ di òṣèré.

Ṣùgbọ́n obìnrin tí a kọ́ ní orin àti ijó lè relé ọkọ nígbàkigbà, kí iṣẹ́ sì dàrú. Ògúndé wá ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó. Bí agbo ilé ṣe di ẹgbẹ́ òṣèré nìyẹn: àwọn ìyàwó ń kọrin, wọ́n ń jó, àwọn ọmọ náà sì ń dàgbà sínú iṣẹ́.

Okùn yìí kò já nígbà ìpọ́njú. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ náà nítorí eré *Yorùbá Ronú*. Yábàá àti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, Múṣin sì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí náà, òfin tó dé Múṣin kò dé Yábàá. Ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó tú òfin náà ká.

Láti 1979 ni Ògúndé ti ń gbé sinimá jáde, *Ayé* sì ni àkọ́kọ́. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1990. Orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà lára ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ pé gbọ́dọ̀ ka àwọn ìyàwó náà mọ́ olùdásílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.