Odò Kékeré àti Àfonífojì Òkúta Ẹfun

Ẹ̀yin ará ní Ṣómólú àti Bàrígà, àwa tí a ń rí ọ̀sà lójoojúmọ́ kì í tètè lóye bí odò Kẹ́rítì, níbi tí àwọn ẹyẹ ìwò gbé bọ́ Èlíjà, ṣe gbẹ. Ṣùgbọ́n irú odò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Bíbélì. Ọ̀kan nínú wọn ni Wadi Qelt, tí àwọn kan gbà pé òun gan-an ni Kẹ́rítì, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wá Kẹ́rítì sí òdì-kejì Jọ́dánì.

Láti àwọn òkè ẹ̀bá Jerúsálẹ́mù ni Wadi Qelt ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò. Nígbà òjò a kún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a gbẹ, àfi níbi tí ìsun omi bá wà. Síbẹ̀ àfonífojì rẹ̀ jìn gidigidi, ògiri òkúta ẹfun sì dúró gangan lọ́tùn-ún lósì. Ilé àwọn mọ́ńkì tí a fi orúkọ Gíọ́gì Mímọ́ pè rọ̀ mọ́ ògiri náà bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Báwo ni odò kékeré ṣe gbẹ́ irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀? Èkíní, ilẹ̀ náà dà gẹ̀ẹ́rẹ́: Jerúsálẹ́mù ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 2,500 ẹsẹ̀ bàtà, Jẹ́ríkò sì rẹlẹ̀ ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 800. Èkejì, omi a máa jẹ òkúta ẹfun. Bí òjò ti ń rọ̀, ó ń gba afẹ́fẹ́ kan mọ́ra, irú èyí tí à ń mí síta, a sì kan díẹ̀. Ẹ ro omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkarahun ìgbín tí a gún, ẹ ó rí i bí yóò ti máa hó. Bákan náà ni òkúta ẹfun rí, nítorí pé ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun ni ó di púpọ̀ nínú rẹ̀. Irú òkúta yìí wà ní Èwékorò, níbi tí a ti ń fi ṣe símẹ́ńtì láti 1960. A sì ń rí ìkarahun nínú rẹ̀, ẹ̀rí pé òkun ti bo ibẹ̀ rí. Ibi tí omi bá ti jẹ ẹ́ ni ó ń là, omi a sì rì sínú ihò náà. Ìdí nìyí tí odò fi ń tètè gbẹ. Ẹ̀kẹta, nígbà tí òjò ńlá bá dé, àgbàrá a máa yí òkúta lọ, a sì fi wọ́n họ ilẹ̀.

Nítorí náà, odò tí ó gbẹ kò kú; ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń dúró dè é. Kì í ṣe ilẹ̀ òkúta ẹfun nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Odò kékeré ni Ògùnpa ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Ògústì, 1980, ó kún bo ilé, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní àdúgbò wa, iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀, kì í ṣe òkúta ẹfun. Ṣùgbọ́n ọ̀sà ni àgbàrá wa náà ń wá lọ. Nígbà ọyẹ́, gọ́tà àti ipadò a gbẹ, àwọn kan a da ilẹ̀ sí i, àwọn mìíràn a kọ́lé lé e. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀, kí ó lọ wò ó nínú oṣù Júnì, nígbà tí òjò bá rọ̀. Àgbàrá yóò fi ààlà tirẹ̀ hàn án, kí ó tó san owó.