Èèpo ọsàn tí wọ́n ń dà nù l'Áwẹ́ ni adùn ọtí olówó ńlá

Bí àsìkò ọsàn bá ti wọlé, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú dáadáa, ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kò nílò kí wọ́n júwe Fìdítì fún un. Ọsàn ni yóò júwe ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí n'Ílọrà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí l'Áwẹ́ tó fẹ̀gbẹ́ kan ìlú Ọ̀yọ́. Àwọn ìyá ọlọ́sàn á jókòó ti apẹ̀rẹ̀ wọn, abẹ lọ́wọ́, wọ́n á máa bó èèpo ara ọsàn ní tínínrín yípo títí tí ọsàn á fi funfun. Oníbàárà á mu omi inú rẹ̀, á ju ìyókù nù, á bá tirẹ̀ lọ. Èèpo tínínrín yẹn á sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ilé mìíràn a máa sá èèpo náà, wọ́n á fi ṣáná, tàbí kí wọ́n jó o nírọ̀lẹ́ láti fi lé ẹ̀fọn. Àwọn ọmọdé a máa fún un sí iná fìtílà kó lè ta pàrà. Lójú ọ̀pọ̀ wa, ìwúlò rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Victoria Island l'Ékòó, tó ní kí wọ́n po ọtí ọsàn tó gba èéfín fún òun, irú èèpo yẹn gan-an ni wọ́n lè ṣáná sí lójú rẹ̀. Owó tó sì máa san lórí ife kan ṣoṣo, ó lè ra ọsàn tí odidi ilé yóò mu yó.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò le. Adùn inú ọtí yìí, ara èèpo àti iná ló ti ń wá, méjèèjì kò sì wọ́n l'Áwẹ́. Ẹnikẹ́ni lè pò ó nílé. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ènìyàn náwó sí, kó sì la ojú rẹ̀ sí, ni ọtí fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ikú lè gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí èéfín ń gbà wọ inú ọtí. Ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Oaxaca, wọ́n ní ọtí kan tó ń jẹ́ mezcal. Ewéko kan tó lẹ́gùn-ún, agave, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á gé gbogbo ewé rẹ̀ kúrò, á ku ìdí rẹ̀ tó rí ràgàjì. Piña, ìyẹn ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ni wọ́n ń pe ìdí náà lédè wọn, ará Fìdítì tó bá sì rí i kò ní í bèèrè ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á dáná igi sí i, wọ́n á kó òkúta sínú iná títí tí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á wá kó àwọn piña náà lé e, wọ́n á fi erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èéfín inú kòtò yẹn ló bá a dé inú ìgò. Ní erékùṣù Islay lọ́dọ̀ àwọn ará Scotland, ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gé tí wọ́n sì sá gbẹ ni wọ́n ń fi dáná tí wọ́n fi ń yá ọkà báálì kí wọ́n tó fi pọn wísíkì.

Bí ẹ bá ní ìyẹn jìnnà, àwọn Kalenjin ní Kẹ́ńyà a máa fi ẹ̀ṣẹ́ná igi ra inú akèrègbè kí wọ́n tó da wàrà sí i. Mursik ni wàrà náà ń jẹ́, òun ni wọ́n sì ń gbé fún àwọn sárésáré wọn mu nígbà tí wọ́n bá gba ẹ̀bùn dé láti ìdíje àgbáyé.

Pípo ọtí mọ́ nǹkan mìíràn kì í ṣe àjèjì sí àwa náà. Kí ni paraga bí kò ṣe egbò àti èèpo igi tí wọ́n rẹ sínú ọtí? Àìmọye àgbo ló jẹ́ pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Chapman tí wọ́n ń gbé kiri níbi ìnáwó náà, àpòpọ̀ ni, Ikoyi Club l'Ékòó ni ìtàn sì sọ pé wọ́n ti kọ́kọ́ pò ó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí a fẹ́ ṣe yìí ju agbára òun lọ.

Orí ọsàn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọlọ́sàn, kí ẹ sì tètè sọ fún un pé, “Ẹ dákun ìyá, ẹ má bó tèmi o.” Ó ṣeé ṣe kó wò yín lójú, kó ní, “Ṣé ẹ ní abẹ nílé ni?” Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ gba ọsàn yín. Inú àwọn ihò wínníwínní tó wà lára èèpo ni òróró ọsàn wà, inú òróró yẹn sì ni òórùn rẹ̀ pọ̀ sí jù. Òróró náà ló ń ta pàrà nínú iná fìtílà. Ohun tí àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré yìí, ọkùnrin apotí kan tó ń jẹ́ Pepe Ruiz fi gbayì ní ilé oúnjẹ Chasen's ní Los Angeles, nígbà tó ń fún èèpo ọsàn sí iná láti fi po ọtí fún gbajúmọ̀ olórin nì, Dean Martin.

Ẹ má sì torí pé ọsàn wa kò pupa bíi ti inú àwòrán kí ẹ sọ pé kò tíì gbó. Òtútù òru ló ń pa àwọ̀ èèpo ọsàn dà nílẹ̀ òyìnbó. Ooru tiwa kì í jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ dáadáa, ọsàn á dùn bí oyin, àwọ̀ ewé á ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ fọ ọsàn méjì mọ́ tónítóní. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú họ èèpo ọ̀kan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ara òkè nìkan, kí ó má mú funfun abẹ́ rẹ̀ dání nítorí funfun yẹn ló ń korò. Ẹ mú èèpo díẹ̀ sápá kan ní tútù, kí ẹ sá ìyókù sóòrùn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta títí tí yóò fi máa dún kékéké lọ́wọ́. Ẹni tó ní ti tẹ́lẹ̀ nílẹ̀ kò ní láti dúró.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti dá iná èédú, ẹ má ṣe dá a nínú yàrá tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Èédú tó ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn jáde, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́jú. Èédú igi àyín dára púpọ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka gbígbẹ tí wọ́n gé lára igi ọsàn, ìyẹn tún dùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí kẹrosíìnì níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, táyà tí àwọn kan fi ń yán ara ewúrẹ́ kò sì ní í dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rárá. Ohunkóhun tó bá jó níbẹ̀ lẹ máa mu.

Bí èédú bá ti pọ́n, ẹ gé àwọn ọsàn náà sí méjì-méjì, ẹ fi oyin díẹ̀ pa ojú ibi tí ẹ gé, ẹ da ojú rẹ̀ dé sórí wáyà tí ẹ fi ń yan ẹran. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Ojú rẹ̀ á pọ́n dẹ́dẹ́, etí rẹ̀ á dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di èédú. Kí ó tutù díẹ̀, kí ẹ fún omi rẹ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ.

Ẹ wá ike tó ní ìdérí tó dé dáadáa. Ẹ bu ọtí ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí i, omi ọsàn yíyan ṣíbí mẹ́fà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kan àtààbọ̀, àti oyin tí ẹ ti fi omi gbígbóná díẹ̀ yọ́, ṣíbí kan. Ẹ fọ́ omi dídì sí i; piọ wọ́tà tó ti dì nínú fírísà kò burú. Ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí tí ike yóò fi tutù mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ọsàn jagaǹyìn, ẹ fi rọ́pò ìdajì ọsàn dídùn yẹn. Lójú tèmi o, òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, nítorí kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí oyin gba ẹnu tán.

Èéfín ló kù. Ẹ gbé ẹ̀ṣẹ́ná kékeré kan sórí àwo amọ̀, ẹ ju èèpo gbígbẹ lé e. Bó bá ti ń rú, tí kò jó lálá, ẹ da ife òfìfo dé e, kí ẹ ka ení, èjì títí dé ogún. Ẹ ṣí ife náà, kí ẹ tètè sẹ́ ọtí inú ike sí i. Kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó ni ín, ẹ fún èèpo tútù yẹn sókè rẹ̀, kí òróró rẹ̀ wọ́n sójú ọtí. Ìgò ọtí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná ní gbogbo àkókò yìí. Bí ó bá korò, ẹ fi èéfín pa á jù ni, tàbí kó jẹ́ pé funfun èèpo wọlé.

Ọ̀rọ̀ ọtí fúnra rẹ̀ wá kù, òun ló sì gba àròjinlẹ̀ jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ìròyìn jáde láti Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó pé àwọn ènìyàn ń kú ikú òjijì. Orí á fọ́ wọn, ojú á ṣú wọn, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Àwọn kan ní àrùn tuntun ló dé, àwọn mìíràn ní òòṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, methanol tó wà nínú ògógóró ni. Ó kéré tán, ènìyàn 18 ló bá a lọ. Kò pẹ́ sí i, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers.

Methanol àti èyí tí à ń mu jọ ara wọn bí ìbejì. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹnu kò lè mọ̀ ọ́n dájú. Bó bá dé inú ara, yóò di oró tó jọ èyí tí àwọn èèrà kan fi ń ta ènìyàn, oró yìí ló sì ń ba iṣan ojú jẹ́. Kì í tètè fara hàn. Ó lè tó wákàtí méjìlá tàbí ọjọ́ kan kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni náà á ti sùn, á ti jí. Ọsàn kò lè pa á, oyin kò lè pa á, èéfín kò lè lé e. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ọsàn àti èéfín a máa bo adùn ọtí mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ì bá tutọ́ ọtí burúkú dà nù lè mu ún tán nínú àpòpọ̀ kó tún béèrè òmíràn.

Kì í ṣe pé ògógóró tí wọ́n fi ẹmu ṣe dáadáa lóró bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń bu methanol ilé iṣẹ́ mọ́ ọn kó lè pọ̀ ni ọ̀daràn. Láti ayé ìjọba òyìnbó ni wọ́n ti sọ ògógóró di ọtí òfin kọ̀, tí ọlọ́pàá ń lé àwọn tó ń ṣe é, nígbà tí sináàpù láti ilẹ̀ Holland ń wọlé fàlàlà. Ọjà tí wọ́n bá fi pamọ́ ṣe, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Nítorí náà, ọtí inú ìgò tí wọ́n dé pa láti ilé iṣẹ́, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, láti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ mọ onílé, ni kí ẹ rà. Ẹ má ra èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò omi. Ẹ má sì gbìyànjú láti fi ọsàn se ọtí fúnra yín nílé, nítorí nǹkan kan wà nínú ara èso tó máa ń mú kí methanol rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹmu lọ. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá ń ṣú lẹ́yìn tó mu ọtí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Epo pupa tàbí wàrà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ kò gba ọtí kò pàdánù nǹkan púpọ̀. Kó se atalẹ̀ kó le, kó jẹ́ kó tutù, kó fi rọ́pò ọtí náà, kó sì ṣe ìyókù bí a ti wí. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọsàn gerépù dípò ọsàn mímu láì bi dókítà, nítorí gerépù a máa jẹ́ kí àwọn kan lára oògùn wọ̀nyí pọ̀ jù nínú ara. Bí ẹ bá sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ tán, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jáde sóòrùn. Omi rẹ̀ àti oòrùn bá pàdé lára, ara á bó, á sì dúdú fún ọjọ́ pípẹ́.

Ní ti èèpo, èyí tó bá gbẹ dáadáa, tí ẹ kó sínú agolo tó ní ìdérí, á lò tó oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá sá a nígbà tí ọsàn pọ̀ nílẹ̀ á rí i lò nígbà tí ọsàn bá wọ́n. Bó bá rọ̀, kí ó tún un sá. Bó bá hu funfun, kó dà á nù, kó lọ bá ìyá ọlọ́sàn tọrọ òmíràn. Ọ̀fẹ́ ló ṣì ń fún ènìyàn.