Agbára Pákó Páínì: Kí Òrùlé Tó Gùn Ún

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó tẹ̀dó sí Jos, Kàdúná tàbí Kánò ló ti rí bí káfíńtà ṣe ń yẹ pákó wò. Yóò gbé e lé orí òkúta méjì, yóò dúró sí agbedeméjì rẹ̀, yóò sì fò díẹ̀. Bí pákó náà kò bá ti dún, ó ti di igi àjà nìyẹn. Ìdánwò yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀ o, nítorí ohun kan náà gan-an ni àwọn onímọ̀ ń ṣe ní ilé ìwádìí, àfi pé àwọn kì í ṣíwọ́ títí pákó yóò fi kán, wọ́n a sì kọ iye ẹrù tó kán an sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni pákó tó gbé ènìyàn kan fún ìṣẹ́jú kan, ọ̀tọ̀ ni èyí tí yóò ru páànù, tí yóò ru àjà, tí yóò sì fara da ìjì fún ogójì ọdún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí páínì ìhà Gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere. Láti 1991 ni àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ ti ń lo ìwé kan tó sọ iye agbára tí oríṣi pákó kọ̀ọ̀kan ní. Ìwé náà ní tú-báì-fọ́ọ̀ tó wà ní ipò kejì lè gba agbára títẹ̀ tó jẹ́ pọ́n-ùn 1,500 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò pákó wọ̀nyí, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Pensacola ní ìpínlẹ̀ Florida nígbà náà, tún ṣa pákó gidi jọ láti àwọn ilé ìlagi, wọ́n sì dán wọn wò títí wọ́n fi kán. Àbájáde rẹ̀ kò dùn mọ́ àwọn kọ́lékọ́lé nínú. Ní 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ dín iye náà kù fún àwọn pákó kéékèèké, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2013, 1,500 ti di 1,100. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó yọ kúrò. Ilé tuntun ni òfin náà bá wí. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni wó ilé àtijọ́.

Kí ló fà á? Àwọn onímọ̀ igi a máa tọ́ka sí bí wọ́n ṣe ń gbin páínì lóde òní. Igi oko ni, ó ń yára sanra, wọ́n sì ń gé e ní kékeré. Inú igi náà, ìyẹn apá tó hù ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, fúyẹ́, kò sì lágbára tó apá tó hù lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá gé igi kí ó tó gbó, apá òpe yìí ni yóò pọ̀ jù nínú pákó, bó ti wù kí igi náà tóbi tó.

Ọ̀nà ìdánwò pàápàá ti yí padà. Láyé àtijọ́, igi kékeré tí kò ní kókó ni wọ́n ń ṣẹ́, wọn a sì fi ìṣirò mọ ti pákó ńlá. Ní àwọn ọdún 1970, Borg Madsen, ti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, tẹnu mọ́ ọn pé pákó odindi ni kí wọ́n máa dán wò, tòun ti kókó rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ibi tó dára lára pákó kọ́ ló ti ń kán, ojú kókó ni.

Iye tó sì wọ inú ìwé kì í ṣe ti pákó tó wà láàárín méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún pákó, iye tí márùn-ún dín lọ́gọ́rùn-ún lè kọjá ni wọ́n ń mú, wọn a sì tún fi 2.1 pín in, nítorí ewu àti nítorí ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní 1951, fi hàn pé ẹrù tí igi lè rù fún ọdún mẹ́wàá kò ju nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó lè rù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ gbé táńkì omi ka orí àjà rò ó wò dáadáa.

Bí igi kò bá lágbára tó, wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ẹrù bá tẹ igi àjà, òkè rẹ̀ ni ó ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń nà. Níbi tó ń nà yìí sì ni kókó ti ń ṣe jàǹbá. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti wúlò jù. Ní 1906, Otto Hetzer ará Weimar ní Jámánì gba ìwé àṣẹ lórí igi títẹ̀ tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ní ìpele-ìpele. Lóde òní, àwọn tó ń ṣe irú igi bẹ́ẹ̀ a máa fi pákó tó dára jù sí òkè àti ìsàlẹ̀, wọn a sì fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ sáàárín. Àwọn mìíràn ń ki irin pẹlẹbẹ sáàárín pákó méjì, wọn a fi bóòtù dì í pinpin. Àwọn kan sì ń lẹ fáíbà mọ́ abẹ́ igi. Ṣùgbọ́n gúlúù kì í di igi tútù mú dáadáa.

Páínì kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń gbé lókè ọya: wọ́n gbìn ín sí Miango lẹ́bàá Jos àti sí Afaka lẹ́bàá Kàdúná. Iye tó wà nínú ìwé Amẹ́ríkà kò lè bá a mu, nítorí ilẹ̀ àti òjò ti ibí yàtọ̀. Nàìjíríà ní ìwé ìlànà tirẹ̀ lórí lílo igi fún ilé kíkọ́, NCP 2 ti 1973, tó pín àwọn igi wa sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí agbára wọn. Ní ìsọ̀ pákó, kí oníbàárà wo orí pákó: bí ojú àárín igi bá hàn níbẹ̀, apá òpe ni. Bí kókó bá wà létí, òkè ni kí káfíńtà kọ ọ́ sí nígbà tó bá ń to igi àjà. Kí oníwáyà iná má sì gbẹ́ ihò sí abẹ́ agbedeméjì igi àjà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń nà jù lọ.